Kí ni kí onímọ̀ kẹ́místrì oògùn máa kà, èwo ló sì lè gbà gbọ́?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kẹ́místrì ọ̀gáníìkì ni mo kọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ti oògùn ni. Ohun tó ń jáde lójoojúmọ́ ti pọ̀ jù fún mi: bí mo ṣe ń ka ọ̀kan lọ́wọ́ ni mẹ́wàá mìíràn ń jáde. N kò sì ní owó tí mo lè fi san SciFinder tàbí Reaxys, àwọn dátábéèsì kẹ́místrì olówó ńlá. Àwọn orísun wo ni ẹ̀yin fúnra yín ń lò? Báwo ni mo ṣe máa dá ìròyìn tó ṣeé gbára lé mọ̀ yàtọ̀ sí ariwo lásán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀."

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè. Má jẹ́ kí ó dùn ọ́ pé o ò lè ka gbogbo ohun tó ń jáde tán, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ń kà á tán. Àwọn tó ń dà bíi pé wọn kì í pàdánù ìròyìn kankan, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀. Molékù tó wà níwájú wọn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá tọpa rẹ̀ dé ìdí: ta ló kọ́kọ́ ṣe é, báwo ló ṣe ṣe é, kí ló sì fi hàn pé òun gan-an ló wà nínú ìgò? Tí o bá ń kàwé báyìí, ohun tí wàá máa kà kò ní pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí o bá kà á yé ọ dénú.

Ìbéèrè rẹ kejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló máa jẹ́ kí ìdáhùn ti àkọ́kọ́ yé ọ.

Ní 2013, ìwé ìwádìí kan jáde nípa àpòpọ̀ kan tí wọ́n pè ní TIC10, tí a wá mọ̀ sí ONC201 lẹ́yìn náà. Ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe purotéènì TRAIL, èyí tó lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ìtò átọ̀mù tí gbogbo ènìyàn ń yà fún un wá láti inú pàténtì Jámánì kan tó ti pẹ́: òrùka mẹ́ta tó so mọ́ra lórí ìlà kan gbọọrọ. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kẹ́místrì tí Kim Janda ń darí ní ilé ìwádìí Scripps ní Amẹ́ríkà ṣe molékù náà bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́. Kò ṣiṣẹ́. Wọ́n wá gba èyí tó wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ National Cancer Institute, ìyẹn sì ṣiṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n fi ìtànṣán X wo kírísítálì rẹ̀ ni wọ́n rí i pé òrùka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tò gbọọrọ rárá, ṣe ni ìkẹta yà sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn méjèèjì jẹ́ C24H26N4O, ìwọ̀n wọn dọ́gba, nítorí náà ìwọ̀n molékù nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, àwòrán tó wà níwájú àwọn tó ń ka ìròyìn oògùn náà kì í ṣe àwòrán oògùn náà.

Ọ̀rọ̀ bosutinib tún sún mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni. Ní 2012 ló hàn gbangba pé ohun tí òǹtajà kẹ́míkà mélòó kan ń tà ní orúkọ yẹn kì í ṣe òun. Orí òrùka anílìnì kan ṣoṣo ni àṣìṣe náà wà. Nínú bosutinib gan-an, klórínì méjì wà ní ipò 2 àti 4, mẹ́tọ́sì wà ní ipò 5. Nínú èyí tí wọ́n ń tà, klórínì wà ní 3 àti 5, mẹ́tọ́sì wà láàárín wọn ní 4. Àwọn láàbù ti rà á, wọ́n ti lò ó, wọ́n ti kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Wàyí o, wo bí NMR, ẹ̀rọ tó ń fi ìlà hàn fún átọ̀mù kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ipò tó wà nínú molékù, ṣe lè mú un. Òrùka yẹn nínú bosutinib tòótọ́ ní haidrójìn méjì tí ipò wọn kò jọra, nítorí náà ìlà méjì ni wàá rí fún un, haidrójìn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlà tirẹ̀. Nínú èkejì, ọ̀tún àti òsì òrùka náà bára mu pátápátá, haidrójìn méjèèjì á wá dà pọ̀ sójú ìlà kan ṣoṣo. Tí o bá wo ti kábọ́ọ̀nù, òrùka náà á fún ọ ní ìlà mẹ́fà nínú tòótọ́, á sì fún ọ ní mẹ́rin péré nínú èkejì. Kò ju kí ènìyàn ka ìlà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ gbogbo ọmọ tó bá dé láàbù pé kẹ́míkà tí a rà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lórí NMR kí wọ́n tó fi kan sẹ́ẹ̀lì kankan. Orúkọ tó wà lára ìgò kò tó ẹ̀rí.

Ojú tí o fi ń wo ìgò yẹn náà ni kí o máa fi wo ìwé. Tí àpilẹ̀kọ tuntun bá jáde, má fi àkópọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ sí ìwé àfikún tí wọ́n so mọ́ ọn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní SI. Wo ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe ríákíṣọ̀n náà: ohun tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú mìlígíráàmù márùn-ún lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gíráàmù márùn-ún. Wo bí wọ́n ṣe fọ àpòpọ̀ náà mọ́. Wo àwòrán NMR fúnra rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n tò sílẹ̀ nìkan. Tí ìlà bá wà ní 4.12, 2.05 àti 1.26 nínú CDCl3 (sọ́fẹ́ǹtì tí a fi ń ṣe NMR), sọ́fẹ́ǹtì ethyl acetate ṣì kù nínú rẹ̀, iye tí wọ́n ní àwọn rí sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ipò tí ìdọ̀tí sọ́fẹ́ǹtì máa ń wà ni Gottlieb àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò jọ nínú Journal of Organic Chemistry ní 1997. Fulmer àti àwọn tirẹ̀ sì fi kún un nínú Organometallics ní 2010. Tẹ tábìlì méjèèjì jáde, kí o lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri níbi tí ojú rẹ á ti máa kàn wọ́n. Ní ti àpòpọ̀ tí wọ́n ti dán wò lórí ẹ̀yà ara tàbí ẹ́ńsáìmù, Journal of Medicinal Chemistry ń béèrè pé kí ó mọ́ dé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán. Máa wá nọ́ńbà yẹn. Tí o kò bá rí i nínú ìwé kan, èsì ìdánwò tó wà níbẹ̀ kò tíì ní ìpìlẹ̀.

Ó yá, àwọn orísun. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Organic Syntheses, ó ti wà láti 1921, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó gbé e ga lójú mi ni pé wọn kì í tẹ ìlànà kankan jáde láìjẹ́ pé láàbù ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ti kọ́kọ́ tún un ṣe. Wàá rí orúkọ àwọn tó fi ìlànà ránṣẹ́, wàá tún rí orúkọ àwọn tó tún un ṣe. Tí wọ́n bá gbìyànjú tí kò ṣeé ṣe, wọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n má kàn ka ìlànà kí o sì jáde o. Àwọn àkíyèsí tó wà nísàlẹ̀ ni iyebíye ibẹ̀: àwọ̀ tí omi inú ìgò gbọ́dọ̀ ní kí o tó fi èròjà kejì kún un, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ooru bá kọjá ààlà, bí wọ́n ṣe gbẹ sọ́fẹ́ǹtì, ibi tí àpòpọ̀ náà dúró sí lórí TLC, àwo pẹlẹbẹ tí a fi ń ya àwọn àpòpọ̀ sọ́tọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, n kì í nílò molékù tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Irú ríákíṣọ̀n náà ni mò ń wá, kí n lè rí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ṣe ń parí rẹ̀, torí ìparí yẹn, nígbà tí a bá fẹ́ pa ríákíṣọ̀n kí a sì yọ ohun tí a ṣe jáde, ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Fún NMR àti àwọn ìlà mìíràn ti àpòpọ̀ tó wọ́pọ̀, lọ sí SDBS, dátábéèsì ọ̀fẹ́ tí ilé iṣẹ́ ìwádìí AIST ní Japan ń tọ́jú.

PubChem ni ẹnu ọ̀nà tó gbòòrò jù fún molékù fúnra rẹ̀. National Institutes of Health ti Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ ní 2004, àpòpọ̀ inú rẹ̀ sì ti ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ya molékù rẹ, bi í léèrè, ó máa fún ọ ní orúkọ, pàténtì àti ìwé tó mẹ́nu kàn án. Ṣùgbọ́n rántí pé oríṣiríṣi ènìyàn ló ń kó nǹkan síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí o fi lè rí nọ́ńbà méjì fún molékù kan ṣoṣo nítorí pé ẹnì kan gbàgbé láti fi ìhà tí átọ̀mù kan kọjú sí hàn.

Fún ẹni tó bá ń ṣe oògùn, ChEMBL ni ilé. Àwọn EMBL-EBI tó wà ní Hinxton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Wọ́n ń ka àwọn jọ́nà kẹ́místrì oògùn, wọ́n ń yọ molékù, ìdánwò àti nọ́ńbà rẹ̀ jáde sínú tábìlì kan. Àǹfààní rẹ̀ ò kéré. Àmọ́ ewu kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí o mọ̀ dájú, nítorí mo ń rí àwọn ọmọ tó gbọ́n dáadáa tó ń ṣubú sínú rẹ̀. Wọ́n á kó gbogbo IC50 (ìwọ̀n àpòpọ̀ tó ń dín iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù kù sí ìdajì) tó wà fún ẹ́ńsáìmù kan jọ láti inú ogún ìwé, wọ́n á tò ó láti orí èyí tó kéré jù, wọ́n á ní èyí tó wà lókè ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ká sọ pé àpòpọ̀ kan ń bá ATP, molékù agbára inú sẹ́ẹ̀lì, du àyè kan náà lára kináàsì, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó ń lo ATP, Ki rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù náà tó) sì jẹ́ 10 nM. Tí láàbù àkọ́kọ́ bá fi ATP tó dọ́gba pẹ̀lú Km (ìwọ̀n ATP tí ẹ́ńsáìmù fi ń ṣiṣẹ́ ní ìdajì agbára rẹ̀) ṣe ìdánwò, IC50 tí wọ́n máa rí á jẹ́ 20 nM. Tí láàbù kejì bá fi ATP tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá Km ṣe é, 110 nM ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Molékù kan náà ni o, ẹ́ńsáìmù kan náà, kò sì sí ẹni tó ṣi iṣẹ́ ṣe nínú wọn. Cheng àti Prusoff ti ṣàlàyé ìṣirò yìí láti 1973. Nítorí náà, àwọn nọ́ńbà tó wá láti inú ìwé kan, tábìlì kan, ọwọ́ kan náà, ni kí o máa fi wé ara wọn. Tí o bá fẹ́ kọjá ìyẹn, padà lọ ka bí wọ́n ṣe ṣe ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Kí o sì máa rántí pé ATP inú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ gan-an, ó ń wọ ìwọ̀n mìlímólà, ìdí nìyẹn tí àpòpọ̀ tó dára nínú ìgò fi ń di aláìlágbára nígbà tó bá dé inú sẹ́ẹ̀lì.

Protein Data Bank ti wà láti 1971, ibẹ̀ ni wàá ti rí bí molékù ṣe jókòó sínú purotéènì. N kò ní pẹ́ níbẹ̀, àfi kí n sọ pé kí o máa ṣí ìròyìn àyẹ̀wò tó ń bá ìtò kọ̀ọ̀kan wá, kí o wò ó bóyá ẹ̀rí wà lábẹ́ molékù kékeré tí wọ́n yà síbẹ̀. Ní ti àwọn ìtò tí AlphaFold fọkàn rò, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún Demis Hassabis àti John Jumper ní 2024, wọ́n wúlò fún mi gan-an láti mọ bí purotéènì ṣe rí. Fún ìpinnu molékù tí mo máa ṣe lọ́la, mo ṣì ń dúró de kírísítálì.

Báyìí, ìròyìn gan-an. Chemical & Engineering News ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́místrì Amẹ́ríkà àti Chemistry World ti ẹgbẹ́ Royal Society of Chemistry tó fún ohun tó ń lọ láyìíká wa. Tí o bá ti ka àkọlé, tí o sì ka èyí tó kàn ọ́, ó parí. Ibi tí mo fẹ́ kí o fi àkókò rẹ sí ni àwọn ibi tí ìròyìn náà ti ń ṣẹ̀ wá.

Àkọ́kọ́ ni àkójọ orúkọ oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ń tẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní INN. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ ọ́n. Tí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ gba orúkọ fún oògùn tó ṣì wà lẹ́nu ìdánwò, ìtò átọ̀mù rẹ̀ máa ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ náà, fún gbogbo ayé, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìparí orúkọ á sì sọ ìdílé rẹ̀ fún ọ: -tinib ni àwọn tó ń dí kináàsì kan lọ́wọ́, -vir ni ti kòkòrò fáírọ́ọ̀sì, -rasib ni ti RAS, purotéènì kan tó ń fa jẹjẹrẹ tí ó bá yí padà, bíi sotorasib tí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 2021 fún irú ìyípadà kan tí wọ́n ń pè ní KRAS G12C. Mú molékù mẹ́wàá níbẹ̀, bò orúkọ wọn mọ́lẹ̀, kí o gbìyànjú láti sọ ohun tí ìkọ̀ọ̀kan wà fún àti bí wàá ṣe ṣe é. Kò sí ẹ̀kọ́ tó dà bí ẹ fún ẹni tó ń bọ́ láti ọ̀gáníìkì sí oògùn. Àkójọ oògùn tuntun tí FDA ń fọwọ́ sí lọ́dọọdún náà dára fún irú iṣẹ́ yìí. 55 ni ti 2023, 50 ni ti 2024. Ní ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́místrì Amẹ́ríkà náà, ìjókòó kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fi ìtò molékù wọn han aráyé fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn oníròyìn kẹ́místrì á sì gbé e jáde.

Èkejì ni pàténtì. Pàténtì ń jáde ní oṣù 18 lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi í sílẹ̀, ìyẹn sì máa ń ṣáájú àpilẹ̀kọ inú jọ́nà fún ọdún mélòó kan. Espacenet àti Google Patents kì í gba owó. Mo mọ̀ pé pàténtì máa ń gùn, tí ó sì máa ń sú ni, nítorí àwọn agbẹjọ́rò ni wọ́n ń kọ ọ́. Fo gbogbo ohun tó wà níwájú, lọ sí ibi àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ tó ní ìwọ̀n gíráàmù, tó ní ìlà NMR àti ìwọ̀n molékù tí ẹ̀rọ rí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣe é ní tòótọ́. Èyí tó jẹ́ orúkọ lásán, tàbí tí wọ́n kọ bí ohun tí ènìyàn lè ṣe dípò ohun tí ẹnì kan ti ṣe, má kà á kún ẹ̀rí. Òfin gbà wọ́n láyè láti kọ irú rẹ̀. Tí tábìlì èsì bá ń sọ A, B àti C dípò nọ́ńbà, wá molékù tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n tó pọ̀ jù, tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò iyọ̀ àti kírísítálì rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń náwó lé lórí.

Ní ti ariwo, Baell àti Holloway tò jọ ní 2010 àwọn ẹ̀yà molékù tó ń dà bíi pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo nǹkan, tí a ń pè ní PAINS. Wọ́n ń lẹ̀ mọ́ purotéènì láìyan, wọ́n ń dá àwọ̀ tó ń tan ẹ̀rọ jẹ, tàbí kí wọ́n máa bàjẹ́ nínú omi ìdánwò. Curcumin, èròjà tó ń fún túmẹ́ríìkì ní àwọ̀ rẹ̀, ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò. Ní 2017, Nelson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e yẹ̀ wò nínú Journal of Medicinal Chemistry: ìdánwò tó ju 120 lọ ni wọ́n ti ṣe lára ènìyàn, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan tó yege nínú àwọn tí aláìsàn àti dókítà kò ti mọ ẹni tó gba oògùn gidi. Mi ò ní kí o fojú tẹ́ńbẹ́lú gbogbo ohun tó ti inú ewéko jáde o. Artemisinin ló gba Nobel fún Tu Youyou ní 2015. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o wo molékù náà kí o tó wo ìlérí. Kí o tó ra àpòpọ̀ tí o fẹ́ fi dí purotéènì kan lọ́wọ́, wo Chemical Probes Portal. Àwọn amòye ń sọ níbẹ̀ èyí tó ṣeé lò àti èyí tí ó yẹ kí a ti pa tì. Kí o tó kọ́lé lórí ìwé kan, wò ó bóyá wọ́n ti fà á padà: dátábéèsì Retraction Watch ti di ọ̀fẹ́ láti 2023 tí Crossref ti gbà á.

Owó SciFinder àti Reaxys kì í ṣe kékeré lóòótọ́, wọ́n sì dára, n kò ní purọ́ fún ọ. Ohun tí o máa pàdánù jù láìsí wọn ni wíwá ríákíṣọ̀n nípa yíyà á. Ohun tí mo ń ṣe nígbà tí n kò bá ní wọn lọ́wọ́ ni pé mo máa ń wá molékù náà ní PubChem, mo máa ń lọ sí pàténtì tó so mọ́ ọn, mo sì máa ń ka àpẹẹrẹ ibẹ̀. Ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n mo ń dé ibi tí mò ń lọ. Fún àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, Unpaywall á sọ fún ọ bí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ bá wà níbì kan. ChemRxiv náà wà láti 2017, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ibẹ̀ kò tíì kọjá lọ́wọ́ àwọn olùyẹ̀wò, nítorí náà SI wọn ni kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ bá wà ní orílẹ̀-èdè tó yẹ, bi ilé ìkàwé léèrè nípa Research4Life, ètò tó ń jẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀ rí ìwé ìwádìí kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Tí gbogbo rẹ̀ bá sì kọ̀, kọ̀wé sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, ní ìlà mẹ́ta péré, kí o sọ ohun tí o nílò gan-an. Wọ́n máa ń dáhùn.

Ohun kan tí o kò béèrè: kí o tó tún ìlànà kankan ṣe, yẹ ewu rẹ̀ wò nínú ìwé Bretherick tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé. Àwọn àpilẹ̀kọ ṣì wà tó ń fi sodium hydride sínú sọ́fẹ́ǹtì DMF, tí wọ́n ń gbé e gbóná láìsọ pé ó lè bú gbàmù. Sodium azide náà kò gbọ́dọ̀ pàdé dichloromethane, kódà níbi fífọ ríákíṣọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí diazidomethane tó lè bú ni wọ́n máa ń dà. Jọ̀ọ́, àbúrò, má fi èyí ṣeré rárá.

Bí o bá sì ń lo PubChem àti ChEMBL tí o rí ìtò tí kò tọ́ tàbí nọ́ńbà tí wọ́n fi nM dípò µM, kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Fi orúkọ àpilẹ̀kọ náà, ojú ewé àti tábìlì tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n lè ṣàtúnṣe rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó kó o lọ lò.